Cora Coralina, Ìyá Aládídùn ti Ìlú Goiás

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Bràsíìlì ni ìlú Goiás wà. Àwọn tí ń wá wúrà kiri ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí wúrà tán, ọrọ̀ ìlú náà tán pẹ̀lú. Ní ẹ̀bá afárá, níbi tí odò Vermelho ti ń ṣàn kọjá, ilé àtijọ́ kan wà. Nínú ilé yìí ni a bí Anna Lins dos Guimarães Peixoto sí ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 1889. Adájọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn tí a bí ọmọ náà tí bàbá fi kú.

Lọ́dọ̀ olùkọ́ obìnrin kan tí ó ti darúgbó ni Anna ti kọ́ ìwé, ọdún mélòó kan péré ni ó sì lò níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwé wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 14 ni ó ti ń kọ̀wé, ó sì fún ara rẹ̀ ní orúkọ òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé padà mọ̀ ọ́n sí, èyíinì ni Cora Coralina. Ní ọdún 1910, a tẹ ìtàn rẹ̀ kan jáde.

Ní ọdún 1911, ó bá agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Cantídio Bretas lọ sí ìhà São Paulo. Ọmọ mẹ́fà ni ó bí fún un. Ìtọ́jú ilé àti ti ọmọ gba ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀, kò sì sí odidi ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Nígbà tí ó di ọdún 1934, ọkọ rẹ̀ kú. Opó tí ó ní ọmọ láti tọ́ kò lè káwọ́ gbera. Ó ń kiri ìwé tà fún ilé ìtẹ̀wé José Olympio ní ìlú São Paulo; ó ṣe sọ́séèjì, ó sì ta ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ní Penápolis; lẹ́yìn náà ó dáko ní Andradina.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ní ọdún 1956, lẹ́yìn ọdún 45 ní ìdálẹ̀, Cora padà sí ilé ẹ̀bá afárá. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ṣí lọ sí Goiânia, Goiás sì ti pa lọ́lọ́. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni Cora nígbà náà, ó sì ní láti wá ohun tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀. Ó gbé agbada bàbà ka orí ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí se irú àdídùn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà ti ń sè láti ìrandíran.

Ọsàn, ọ̀pọ̀tọ́, kajú àti elégédé ni ó ń lò. Iṣẹ́ yìí kò yẹ aláìnísùúrù. Bí ó bá jẹ́ ọsàn, a ó kọ́ bó èèpo òde rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó sì yọ inú rẹ̀ kúrò. A ó rẹ awọ funfun tí ó kù sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, a ó máa pààrọ̀ omi náà títí ìkorò rẹ̀ yóò fi lọ. A ó wá sè é nínú omi ṣúgà lórí iná tí kò le. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó tún gbé e kaná, títí ṣúgà yóò fi wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá a sóòrùn kí ó gbẹ. Bí ènìyàn bá kánjú, ṣúgà a jóná, èso a sì fọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn tí ń wá ra àdídùn kì í mú àdídùn nìkan lọ, nítorí Cora a máa ka ewì rẹ̀ sí wọn létí. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 70, ó kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ táípù kọ̀wé. Ní ọdún 1965, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 75, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ilé ìtẹ̀wé José Olympio, tí ó ti bá kiri ìwé àwọn ẹlòmíràn rí, ni ó tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé náà ni ó ti kọ nípa àwọn ọ̀nà tóóró ìlú rẹ̀, nípa alágbàfọ̀ ẹ̀bá odò àti nípa asebẹ̀, àwọn ènìyàn tí a kì í sábà kọ ewì fún.

Ní ọdún 1980, Carlos Drummond de Andrade, àgbà akéwì ilẹ̀ Bràsíìlì, yìn ín nínú ìwé ìròyìn, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ní ọdún 1983, Yunifásítì ti Goiás fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ náà fún ní ẹ̀bùn Juca Pato. Síbẹ̀, kò yé sọ pé iṣẹ́ àdídùn ni òun mọ̀ ju ìwé kíkọ lọ.

Cora Coralina kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1985. A sọ ilé ẹ̀bá afárá di ilé ìrántí rẹ̀, àwọn àlejò sì ń wọ inú ilé ìdáná níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-ìwé kékeré ni ó lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti ròkè kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Ṣùgbọ́n agbada kò gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, kálàmù kò sì mú kí ó tijú agbada.