Ọ̀fọ̀ Ìyálóde Ẹfúnṣetán

Ẹ̀yin ìyá wa, ta ni nínú wa tí kò gbọ́ orúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà rí? Láti Àrẹ̀mọ wa níbí títí dé Ọjà'ba, bí obìnrin kan bá le jù, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń bú u. Ìwé eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, sì tún mú kí òkìkí ìkà rẹ̀ kàn sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Òwò ló gbé e dé ipò Ìyálóde Ìbàdàn: ìbọn, ẹ̀tù, tábà, aṣọ kíjìpá. Àwọn jagunjagun ń ra ohun ìjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Oko rẹ̀ pọ̀, ẹrú rẹ̀ pọ̀ lọ súà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ní nǹkan bí 1860, ọmọ náà kú níbi tó ti ń rọbí. Ìyá kò sì bí òmíràn mọ́. Láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ó kà á léèwọ̀ kí ẹrúbìnrin rẹ̀ lóyún. Ìtàn sọ pé èyí tó bá lóyún, pípa ni wọ́n ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni, n kò gbè é. N kò sì lè sọ pé àìsàn báyìí ló ṣe ẹni tó ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ọ̀fọ̀ lè sọ èèyàn dà.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe ẹkún nìkan. Ẹlòmíràn kì í sunkún rárá. Ìbínú ni yóò máa fi kan gbogbo ará ilé. Oorun lè dá lójú rẹ̀, tàbí kí ó máa sùn ṣáá. Oúnjẹ lè má wù ú, ọjà tó fẹ́ràn lè sú u, kí ó máa wí pé òun kò wúlò fún nǹkan kan. A ó ní ó ti gbéraga, tàbí pé ó ya ọ̀lẹ.

Ní 1874, Ààrẹ Látòósà fi ẹ̀sùn kan Ẹfúnṣetán, wọ́n sì yọ ọ́ lóyè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru nínú ilé rẹ̀.

Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1954, ni Dókítà Adéoyè Lambo ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí í ṣe ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Lónìí, UCH kò jìnnà sí wa. Bí àwọn àmì wọ̀nyí bá wà lára èèyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ tètè máa fi ojú sílẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ tuntun àti ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ikú yá ju ayé òun lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.