Àlùfáà Olórin

Kíkà: Orin Dáfídì 96:1-3

Olùfẹ́, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ láti dìde kọrin níwájú ènìyàn? Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Josaiah Jesse Ransome-Kuti ní 1855. Kúti bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ìgbàgbọ́. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ sọ́nà Jésù. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lórin, ó sì di àlùfáà ní 1897. Orin ló fi ń wàásù fún àwọn Ẹ̀gbá, ní ohùn ilẹ̀ wa. (Orin òyìnbó ló gbòde nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà o!) Ní 1922, nígbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó dúró níwájú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin 43. Ó sùn nínú Olúwa ní 1930. Ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú àwo.