Nettie Stevens: Obìnrin tó tú àṣírí ohun tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin tàbí obìnrin

Ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 1861 ni wọ́n bí Nettie Stevens ní Cavendish, ìpínlẹ̀ Vermont, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà lòun fúnra rẹ̀ ń ṣe, ó sì ti pé ọmọ ọdún 35 kó tó wọ Yunifásítì Stanford lọ́dún 1896. Nígbà tó di ọdún 1903, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bryn Mawr.

Láyé ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó ń sọ ọlẹ̀ di akọ tàbí abo. Àwọn kan ní oúnjẹ ni, àwọn míì ní ooru tàbí òtútù ni.

Stevens wá mú kòkòrò inú ìyẹ̀fun, ó ń fi maikirosíkóòpù wo sẹ́ẹ̀lì wọn. Kúrómósóómù, ìyẹn àwọn nǹkan tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ, jẹ́ 20 lára akọ àti abo. Gbogbo 20 ti abo ló tóbi. Ti akọ ńkọ́? 19 ló tóbi, ẹyọ kan kéré jọjọ.

Bí ara bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, ńṣe ló máa ń pín kúrómósóómù sí méjì, kí kálukú lè gba 10. Gbogbo ẹyin ló gba 10 ńlá. Àmọ́ ìdajì àtọ̀ gba 10 ńlá, ìdajì yòókù gba 9 ńlá pẹ̀lú ẹyọ kékeré yẹn. Èyí tó bá gbé kékeré wọnú ẹyin, akọ ló máa dà. Ọdún 1905 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Edmund Wilson náà rí ohun tó jọ ọ́ lọ́dún kan náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí lára èèyàn: àtọ̀ bàbá ló ń gbé ohun tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin wá. Síbẹ̀, títí dòní, ìyàwó tó bí kìkì obìnrin ni wọ́n ṣì ń dá lẹ́bi nínú ọ̀pọ̀ ilé, tí wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì lé e. Ká sòótọ́, ẹ̀bi bàbá náà kọ́, torí kò sẹ́ni tó ń yan èyí tó máa kọ́kọ́ dénú ẹyin.

Bryn Mawr ti ṣètò ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún Stevens, ṣùgbọ́n kò jókòó síbẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ọyàn pa á ní Baltimore lọ́jọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 1912, lẹ́ni 50 ọdún.