Rachel Carson, Ọ̀rẹ́ Àwọn Ẹyẹ

Ta ni kò mọ àṣá nínú yín? Bí ó bá ti ń rábàbà lókè, ìbáà ṣe ní Òmù-Àràn tàbí ní Èsìẹ́, àgbébọ̀ adìẹ á ké, àwọn òròmọdìẹ á sì sá wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn àṣá. Irú àṣá kan wà tí à ń pè ní peregrine. Ó máa ń dé Nàìjíríà, kò sì sí ẹyẹ tí ó yára tó o bí ó bá ń já bọ̀ láti òkè. Ìgbà kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Obìnrin kan ni ó ta ayé lólobó nípa ewu tí ó ń pa àwọn ẹyẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Rachel Carson.

A bí Rachel ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1907, ní ìlú Springdale ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ a máa mú un rìn kiri inú oko àti igbó, a sì máa kọ́ ọ nípa ẹyẹ, kòkòrò àti òdòdó. Ọmọ ọdún 11 péré ni Rachel nígbà tí ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan tẹ ìtàn tí ó kọ jáde.

Àwọn òbí rẹ̀ kò lówó, síbẹ̀ ó kàwé dé yunifásítì, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1935, òun ni ó ń gbọ́ bùkátà ilé. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja. Ìwé tí ó kọ nípa òkun ní ọdún 1951 sọ ọ́ di olókìkí.

Ní àkókò náà, wọ́n ń fi bàálù fọ́n oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ DDT sí oko àti igbó. Oògùn yìí ń pa ẹ̀fọn àti kòkòrò tí ń ba irè oko jẹ́, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1958, ọ̀rẹ́ Rachel kan kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ẹyẹ ń kú ní àyíká òun lẹ́yìn tí bàálù fọ́n oògùn kọjá. Rachel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí.

Àrùn jẹjẹrẹ ń bá a jà, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1962, ó gbé ìwé Silent Spring jáde. Ó ṣàlàyé pé oògùn náà kì í pa kòkòrò nìkan. Ó ń wọ inú ilẹ̀, inú omi àti ara ẹyẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn bínú, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni Rachel kò sọ pé kí a má lo oògùn rárá. Ó ní kí a máa lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ní ọdún 1963, àwọn onímọ̀ tí ń gba Ààrẹ Kennedy nímọ̀ràn gbè é lẹ́yìn. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 1964. Ẹni ọdún 56 ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òtítọ́ túbọ̀ hàn. Ẹyẹ kéékèèké ń jẹ kòkòrò tí oògùn wà lára rẹ̀. Àṣá ń jẹ ọ̀pọ̀ ẹyẹ bẹ́ẹ̀, oògùn sì ń kún ara rẹ̀. Èèpo ẹyin rẹ̀ wá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ìyá àṣá bá sàba lé ẹyin, ẹyin á fọ́. Ní ọdún 1967, Derek Ratcliffe, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa èyí.

Ní ọdún 1972, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de DDT ní oko. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ń sin àṣá peregrine, wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́jú àṣá tí ó fara pa títí yóò fi lè fò padà. Ní ọdún 1999, ìjọba yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹranko tí ó fẹ́ parun.

Ẹ̀yin ọmọ, ní ilẹ̀ wa náà, àwọn kan ti da oògùn Gàmálìn sínú odò láti fi pa ẹja. Ẹ má ṣe irú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe sọ ẹyẹ lókò. Bí ẹ bá rí ohun tí kò dára, ẹ wádìí rẹ̀ dájú, kí ẹ sì sọ òtítọ́ bí Rachel ti ṣe.