Ìtàn Ìgbésí Ayé Chico Mendes

Ǹjẹ́ ìwọ òǹkàwé mọ ẹni tí ó kú nítorí igbó? Chico Mendes ni. A bí i ní 1944 nítòsí Xapuri ní Bràsíìlì. Iṣẹ́ gbígba oje igi rọ́bà ni ó ń ṣe.

Nígbà tí àwọn olówó ń gé igbó run láti fi ṣe pápá ìjẹko màlúù, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Tọkùnrin tobìnrin wọn dí ọ̀nà mọ́ àwọn agégi. Wọ́n ní kí ìjọba ya igbó sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń jẹun nínú rẹ̀ láìgé e.

Ní December 22, 1988, ọmọ ọlọ́sìn màlúù kan yìnbọn pa á. Ìjọba ya igbó sọ́tọ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 1990.

Rántí pé igi kan kò lè dá igbó ṣe. Bí ó bá ṣe pé òun nìkan ni ó jà, ikú rẹ̀ ni ìbá parí ìjà náà.