John Bardeen: Ẹni Tó Gba Ẹ̀bùn Nobel Físíìsì Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ta ni nínú wa tó gba ọjà Sabon Gari kọjá tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì kò pariwo sí létí? Ohun kékeré kan tí à ń pè ní tiransísítọ̀ ló sọ rédíò di ohun tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é ni à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ló jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ú lọ.

Ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1908 ni a bí John Bardeen ní Madison, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo Gulf kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1936. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni; ohùn rẹ̀ kì í ròkè rárá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, òun àti Walter Brattain ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Bell Labs. Ní 1956, àwọn méjèèjì àti William Shockley jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹyin ló ń dín lọ́wọ́ nígbà tí rédíò kéde rẹ̀, ni fúráípáànù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló mú lọ sí Sweden. Ọba ilẹ̀ náà fi ṣàwàdà bá a wí, òun náà sì ṣèlérí pé òun yóò kó gbogbo wọn wá nígbà mìíràn.

Ó mú ìlérí náà ṣẹ. Láti 1911 ni Kamerlingh Onnes, ará Netherlands, ti rí i pé bí mẹ́kúrì bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 sí ìsàlẹ̀ òdo Selsíọ́ọ̀sì (ọyẹ́ Kánò kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀), iná mànàmáná á máa gbà á kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan. Èyí ni superconductivity. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ní 1941, Bardeen rò pé bóyá títò àwọn átọ́ọ̀mù ló ń wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò náà kò gbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n: ní 1957, òun, Leon Cooper àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Robert Schrieffer fi hàn pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí í máa ń tira wọn dànù, a máa so pọ̀ ní méjì-méjì nípasẹ̀ gbígbọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù. Ní 1972 ó gba Nobel kejì, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tẹ̀lé e. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tó gba ti físíìsì lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó sinmi. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ti rí àwọn ohun kan tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn máa ń kó jọ níhìn-ín, tí í fọ́nká lọ́hùn-ún, bí ìgbì omi, tí àwọn átọ́ọ̀mù sì ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Ó jọ èrò Bardeen àtijọ́! Nínú niobium triselenide, iná díẹ̀ lè ti ìgbì náà rìn. Ní 1979, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, Bardeen sọ pé bí ẹni tó gba inú ògiri kọjá láìsí ihò ni ìgbì náà ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní rárá, pé ńṣe ló ń yọ̀ lọ bí ohun tí a ń wọ́ nílẹ̀ gbágungbàgun. Ó bá wọn jiyàn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Lójú tiwa, ó dára bí wọn kò ṣe torí ẹ̀bùn méjì gbà fún un. Ó kú ní Boston ní ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì gbà.

Ní 2006, ní Princeton kan náà, wọ́n mú titanium diselenide, tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé, wọ́n sì ki bàbà bọ àárín àwọn ìpele náà. Bí bàbà ṣe ń pọ̀ sí i, ìgbì ń rọ̀. Nígbà tó yá, superconductivity yọjú. Bóyá ikú ìgbì ló bí i, tàbí wọ́n kàn jọ ń gbé ilé kan ni, àwọn onífísíìsì ṣì ń jiyàn lé e lórí.