Joseph Whitworth

Sir Joseph Whitworth (21 Oṣù Kejìlá ọdún 1803 – 22 Oṣù Kìíní ọdún 1887) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ìlànà kan ṣoṣo kalẹ̀ fún eyín síkúrù, tí gbogbo ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì wá ń lò ó. Òun náà ni ó ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ó lè fi ìyàtọ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù íǹṣì lọ hàn. Kí ìlànà rẹ̀ tó dé, bóòtì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí a bá lu ihò méjì tí ó dọ́gba sí apá ọ̀tún àti apá òsì irin kan lónìí, tí bóòtì tí a rà lọ́jà sì wọ méjèèjì láìsí wàhálà, ìrọ̀rùn náà ní ìpìlẹ̀ nínú iṣẹ́ Whitworth.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Ìlú Stockport ní agbègbè Cheshire ni a ti bí Whitworth. Charles Whitworth, bàbá rẹ̀, jẹ́ olùkọ́, ó sì di oníwàásù lẹ́yìn náà. Joseph lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Idle, nítòsí Leeds. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tí ó ní ilé iṣẹ́ òwú ní Derbyshire, kí ó lè kọ́ òwò náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí ń ran òwú ni ó gba ọkàn rẹ̀, kì í ṣe òwò òwú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí Manchester, ó sì di oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1825, ó fẹ́ Fanny Ankers ní ìyàwó, ó sì kọjá sí London ní ọdún náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní London

Ní London, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Henry Maudslay, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìgbẹ́rin nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó ti rí bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ gé eyín síkúrù lọ́nà tí ó pé. Lẹ́yìn èyí, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Holtzapffel, àti lọ́dọ̀ Joseph Clement. Clement ni ó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage gbèrò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà mọ́ àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1833, Whitworth padà sí Manchester, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, tí a fi ń fá a, tí a sì fi ń lu ihò sí i.

Ojú irin tí ó tẹ́jú

Nínú iṣẹ́ irin, láti ojú kan tí a gbà pé ó tẹ́jú ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwọ̀n. Bí ojú náà bá wọ́, ihò tí a wọ̀n láti ibẹ̀ yóò wọ́ pẹ̀lú. Láyé ìgbà náà, ohun tí àwọn oníṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n bu ìyẹ̀fun òkúta líle sáàárín irin méjì, kí wọ́n sì máa fi ọ̀kan lọ èkejì títí wọn yóò fi bára mu. Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé irin méjì lè bára mu pátápátá, síbẹ̀ kí ọ̀kan yọ ikùn síta, kí èkejì sì jìn sínú.

Ọ̀nà tí Whitworth gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó lo irin mẹ́ta. Ó máa ń fi ọ̀dà tín-ínrín pa ojú ọ̀kan, á gbé e lé èkejì, á sì fi irinṣẹ́ mímú fá ibi tí ọ̀dà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ni ó ga. Lẹ́yìn náà ni yóò mú irin kẹta wá. Bí irin àkọ́kọ́ bá yọ ikùn, èkejì àti ẹ̀kẹta tí wọ́n bá a mu yóò jìn sínú, àwọn méjèèjì kò sì ní lè bára mu nígbà tí a bá gbé wọn léra. Nítorí náà, irin mẹ́ta kò lè bára mu ní méjì-méjì àfi bí gbogbo wọn bá tẹ́jú. Ní ọdún 1840, ó ṣàlàyé ọ̀nà yìí níwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Glasgow.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n

Nígbà tí ojú irin ti tẹ́jú, Whitworth kọjú sí bí a ó ṣe wọn nǹkan. Síkúrù ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Síkúrù náà ní eyín 20 nínú íǹṣì kan. Kẹ̀kẹ́ oníeyín 200 ni ó ń yí i. Síkúrù kejì ni ó sì ń yí kẹ̀kẹ́ náà, tòun ti àgbá kan tí a pín etí rẹ̀ sí ọ̀nà 250. Bí a bá yí àgbá náà ní ìpín kan péré, ẹnu ẹ̀rọ náà yóò sún ní ìdá kan nínú 1,000,000 íǹṣì. Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ gba ìyìn púpọ̀ níbi Ìpàtẹ Ńlá tí ó wáyé ní London ní ọdún 1851. Ó tún rọ àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n máa pín íǹṣì sí ìdá mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún àti ẹgbẹ̀rún, dípò ìdajì, ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ.

Ìlànà eyín síkúrù

Ní ọdún 1841, Whitworth gbé àbá ìlànà kan ṣoṣo fún eyín síkúrù síwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ẹ̀rọ ní London. Kò kàn fi ti ara rẹ̀ lé àwọn ẹlòmíràn lórí. Ó kó síkúrù jọ láti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ó wọ̀n wọ́n, ó sì mú ohun tí ó bọ́ sí àárín gbogbo wọn. Báyìí ni ó ṣe fi ìgun eyín sí ìwọ̀n 55°, tí ó sì ní kí a yí ìdá kan nínú mẹ́fà gíga eyín po ní orí àti ní ìdí rẹ̀. Ó tún sọ iye eyín tí ó yẹ síkúrù kọ̀ọ̀kan: 20 nínú íǹṣì kan fún èyí tí ó nípọn ní 1/4 íǹṣì, 12 fún 1/2 íǹṣì, àti 8 fún íǹṣì 1.

Nítorí pé kò sí ilé iṣẹ́ tí ìlànà náà jìnnà sí púpọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ti ẹ̀rọ tẹ́wọ́ gbà á díẹ̀díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba nígbà Ogun Crimea (1853–1856). Ìjọba ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun kéékèèké ní kánmọ́kánmọ́, John Penn sì pín ṣíṣe àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ wọn fún ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà náà jọ, wọ́n wọ ara wọn, nítorí pé ìlànà kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀ lé.

Ìbọn àti irin

Ìjọba tún pè é láti ṣe ìwádìí lórí ìbọn. Ìbọn tí ó ṣe ní ihò onígun mẹ́fà tí ó lọ́ bí síkúrù, ọta rẹ̀ sì bá ihò náà mu. Nínú ìdánwò ọdún 1857, ó ta ìbọn Enfield tí àwọn ọmọ ogun ń lò yọ gidigidi ní ti bíbá ohun tí a dojú kọ. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ yin ọ̀kan nínú wọn ní Wimbledon ní ọdún 1860. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kò gbà á, nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, èéfín ìbọn sì tètè máa ń dí ihò rẹ̀. Níbí, pípé nìkan kò tó. Ìlànà síkúrù borí nítorí pé kò ṣòro fún àwọn ẹlòmíràn láti gbà. Lẹ́yìn èyí, Whitworth ṣe àwárí ọ̀nà tí a ń gbà tẹ irin dídà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.

Ọrẹ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ikú rẹ̀

Ní ọdún 1868, ó dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ 30 sílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ £100 lọ́dún, fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò gbà á ní láti fi hàn pé òun mọ ìwé, kí ó sì tún fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1869, ìjọba fi oyè Baronet dá a lọ́lá. Lẹ́yìn ikú Fanny, ó fẹ́ Mary Louisa Orrell ní ọdún 1871. Kò bí ọmọ kankan.

Whitworth kú ní Monte Carlo, níbi tí ó lọ fún ìtọ́jú ara rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí Darley Dale ní Derbyshire. Oyè náà parí pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú dúkìá rẹ̀ ni a ná sórí ẹ̀kọ́ àti ìlera; ara ohun tí ó ti ibẹ̀ wá ni Whitworth Art Gallery ní Manchester, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1889. Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ti Armstrong.

Ipa rẹ̀ títí di òní

Ìlànà Whitworth kò kárí ayé. Ní ọdún 1864, William Sellers gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà: ìgun 60°, orí eyín tí ó tẹ́jú. Ìyàtọ̀ yìí di ìnira nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé bóòtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà bá nọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà mu. Ní ọdún 1948, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Brítánì fẹnu kò sí ìlànà kan, 60° sì ni wọ́n mú. Ìwọ̀n yìí kan náà ni ó wà nínú àwọn síkúrù onímílímítà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò.

Ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ẹ̀rọ lónìí kì í sábà ronú kan àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ó bá fẹ́ ihò síkúrù tí ó dọ́gba ní apá méjèèjì, yóò fi ojú kan tí ó tẹ́jú sí àárín àwòrán náà, yóò lu ihò kan sí apá kan, yóò sì ní kí kọ̀ǹpútà dá irú rẹ̀ sí òdìkejì, bí dígí ṣe ń dá àwòrán padà. Bí ó bá yan M6 nínú àtẹ, kọ̀ǹpútà ti mọ̀ pé síkúrù náà nípọn ní mílímítà 6, pé mílímítà 1 ni ó wà láàárín eyín kan sí èkejì, àti pé ihò mílímítà 5 ni a ó lu kí a tó gé eyín sí i. Nínú kọ̀ǹpútà, ojú àárín náà tẹ́jú láìsí ìsapá, àtẹ náà sì ti pé. Ṣùgbọ́n lórí irin, ẹnì kan ṣì ní láti mú ojú tẹ́jú, kí ó wọ̀n ọ́n dáadáa, kí ó sì bá àwọn ẹlòmíràn fẹnu kò sí ìlànà kan náà. Iṣẹ́ mẹ́ta yìí ni Whitworth fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe.